Ojú Yíya Kan Lápá Òsì

Èmi kọ́ ni ẹkún máa ń yá lára. Ní Coimbra, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi ni wọ́n máa ń wá pè bí onílé bá kọ̀ tí kò tún páìpù ṣe, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi mú, inú sì máa ń tètè bí mi. Ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹta, nílùú Paris, mo dúró nídìí ike ìdọ̀tí, mo sunkún bí ọmọ ọdún méjì. Aṣọ ló fà á.

Kápà là ń pe aṣọ náà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Coimbra ló ní tirẹ̀: aṣọ ìborùn dúdú ńlá tó nípọn, tó gùn dé kókósẹ̀. A kì í fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti rà á fún ẹ títí dọjọ́ tí wàá jáde, ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí gbogbo ohun tí ojú ẹ rí níléèwé ló wà lára rẹ̀: ọtí tó dà sí i, òjò tó pa á, omijé ọ̀rẹ́ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Tó bá wá di ọdún tó kẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ràn ẹ á fi eyín gé etí rẹ̀, wọ́n á sì fà á ya. Àwọn ará ilé ẹ á ya apá òsì, àwọn ọ̀rẹ́ á ya apá ọ̀tún. Sísọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀ o. Eyín àti ọwọ́ ni. Bó o bá rí ẹni tí kápà rẹ̀ ṣì wà ní odindi lọ́jọ́ tó ń jáde, àánú rẹ̀ á ṣe ẹ́, torí ó dà bíi pé kò lẹ́nì kan láyé.

Tèmi ti ní ojú yíya mẹ́tàlá. Mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi méjèèjì ló ni méjì nínú mẹ́ta yẹn. Ìyá Àgbà, Felismina, tó tọ́ mi dàgbà, ló ni ẹ̀kẹta. Inú oṣù Kẹwàá ló ya á, àìsàn ti ń bá a jà nígbà yẹn, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Mo ní kí n bá a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ó jẹ aṣọ yẹn, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, bí ẹni ń jẹ ẹran tó yi, títí tó fi ya. Ojú yíya náà kò gún, ó wọ́ síbí, ó wọ́ sọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà kú nínú oṣù Kìíní. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá wọ ọkọ̀ tàbí tí mo bá jókòó nínú kíláàsì, ọwọ́ mi á ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ìyá mi nìkan ló kù. Adelaide lorúkọ rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti wà ní Paris. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí bàbá mi já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́, tó sì kú. Màmá fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lábúlé, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílẹ̀ Faransé. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, lẹ́yìn náà ló di aṣọ́lé ní ilé alájà mẹ́fà kan, níbi tó ti ń nu àtẹ̀gùn, tó ń ti ike ìdọ̀tí síta láàárọ̀, tó ń pín lẹ́tà fún àwọn ará òkè. Yàrá kan ni wọ́n fún un nísàlẹ̀. Oṣù Kẹjọ nìkan ló máa ń rí àyè wálé, bẹ́ẹ̀ oṣù Karùn-ún la máa jáde. Nígbà tí a sin Ìyá Àgbà, ọjọ́ méjì péré ló lò, ta ló máa wá rántí kápà?

Bí mi ò bá lọ bá a, a jẹ́ pé ìyá mi ò ní sí nínú kápà mi nìyẹn. Ẹni tó fi ẹ̀yìn ríro rán mi níwèé! Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè kàwé mọ́. Bí mo ṣe rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù olówó pọ́ọ́kú láti Porto nìyẹn, kí a lọ ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdè, kí a padà ní Sunday. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tẹ̀ lé mi. Èmi àti Carlota la jọ ń gbé yàrá kan náà, ọmọ dókítà eyín ni, ará Lisbon, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bìkítà ṣùgbọ́n ó ń bìkítà. Duarte ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, gbogbo òfin kápà ló wà lórí rẹ̀, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.

Mi ò sọ fún Màmá pé torí kí ló dé tí mò ń bọ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Mo kàn sọ fún un lórí fóònù pé tí a bá jẹun tán lọ́jọ́ Sunday, mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Nínú ìdílé wa, kò sẹ́ni tó dé yunifásítì rí kó tó kàn mí, ìwé mẹ́fà sì ni Màmá kà. Kò mọ nǹkan kan nípa kápà ju pé òun ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyẹn ni mi ò rò.

Ẹnu ọ̀nà la ti bá a, ó ti dúró pẹ́.

"Ọmọ mi! O ti gbẹ! Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni?"

"Màmá, mo sanra sí i ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Irọ́ ló pa fún ẹ. Ìwọ ni Carlota, àbí? Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìwọ náà gbẹ. Duarte ńkọ́? Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ sàn díẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni Duarte wí. "Èmi ni mò ń bá wọn jẹ tiwọn."

Yàrá yẹn kò gba ènìyàn mẹ́rin, ṣùgbọ́n Màmá fi ipá mú un kó gbà wá. Èmi àti Carlota sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá sùn sórí àga tó máa ń nà gbalaja. Duarte ní tirẹ̀, abẹ́ tábìlì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, orí rẹ̀ wà nídìí fíríìjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta débi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ fò ó. Ilẹ̀ mọ́, kò ráhùn. Ó ní òun ò sùn dáadáa tó báyìí rí láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ lọ́yà.

Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní láàárọ̀ Sátidé. Mo mú kápà, Carlota sì wò mí láti òkè délẹ̀.

"Tó o bá wọ ìyẹn jáde, wọ́n á ní a wá ṣe ìsìnkú ni."

"Kápà kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹni tó ni ín," ni Duarte wí.

"Tìẹ dà?"

"Mo fi tèmi sílé, ní Coimbra."

"Adájọ́ àgbà!" Carlota kígbe. "Gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Soraia, jẹ́ ká máa lọ."

Mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Màmá ní òun ò níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, òun máa sinmi, òun á sì máa dáná dè wá. Ó kó búrẹ́dì àti ẹyin dídín sínú àpò fún wa bíi pé a ń lọ sí oko, a sì jáde ní aago mẹ́jọ.

Ìrìn tí a rìn lọ́jọ́ yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò tíì dárí jì mí. Òjò dé, a sá sábẹ́ afárá, ibẹ̀ la ti jẹ búrẹ́dì Màmá. Duarte ń jiyàn pé odò tiwa dára ju tiwọn lọ, Carlota ń sọ pé odò kì í ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí. Síbẹ̀, ọkàn mi ò kúrò lórí Sunday. Níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan, mo dúró, mo ń fi ọ̀rọ̀ kọ́ra: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya aṣọ mi." Ará ibẹ̀ kan tó ń kọjá wò mí, ó yára kúrò níbẹ̀.

"Fi ẹ̀rín sí i," ni Carlota wí. "Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn, á pe ọlọ́pàá."

A padà dé ní aago méje. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán ni òórùn ọṣẹ ti kọ lù mí nímú.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ún ni. Soraia, wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn!"

Mo wò ó. Kápà mi wà lórí ìkọ́, ó ń dán, gbogbo ẹ̀ gún régé, ìlà áyọ́ọ̀nù wà lára ẹ̀ bíi ti aṣọ ṣọ́jà. Etí rẹ̀ lọ gbọọrọ láti òkè délẹ̀. Kò síbi kankan tó ya.

"Ẹ fọ̀ ọ́?" Duarte pariwo bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Carlota tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa!" Inú Màmá ń dùn. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ omi. Omi àkọ́kọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, bíi kọfí ni! Kí lẹ ń fi aṣọ yẹn ṣe? Ṣé ẹ fi ń nulẹ̀ ni? Mo gbé e sórí ẹ̀rọ ìmúlé-gbóná, mo fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́, mo wá jókòó ti àwọn ibi tó ya. Mẹ́tàlá! Mo kà á. Wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni mo fi rán an. Ó yá, ẹ wá a wò, kí n wo ẹni tó máa rí ojú abẹ́rẹ́ mi."

Mo sún mọ́ ọn. Mo fọwọ́ pa etí apá òsì, níbi tí ọwọ́ mi máa ń lọ fúnra rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Mo pa á lókè, mo pa á nísàlẹ̀. Màmá kì í ṣe aránṣọ kékeré, ṣé ẹ rí i, ó rán an débi pé ó dà bíi pé Ìyá Àgbà kò fẹnu kan aṣọ yẹn rí.

Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó? Nígbà tí mo rí aṣọ yẹn láàárọ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Mo ní, ọmọ mi ń wọ àkísà láàárín àwọn ọmọ olówó, kò sì jẹ́ kí n mọ̀. Má ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Ẹ wò mí, èmi ẹlẹ́nu mímú.

"Ẹ ṣeun, Màmá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín da ìdọ̀tí nù."

Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ike ńlá wà, ni mo ti bú sẹ́kún. Àwọn méjèèjì bá mi níbẹ̀.

"Mẹ́wàá tiyín ò dùn mí," mo ń wí, ikun ń yọ nímú mi. "Ẹ̀yin ṣì wà láàyè, ẹ lè tún un ya lọ́la. Ìyá Àgbà ńkọ́? Eyín mẹ́ta, Carlota! Ó jẹ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo sì wá a, mi ò rí i mọ́. Mi ò mọ ibi tó wà mọ́!"

"A lè fi abẹ́rẹ́ tú u," ni Carlota wí.

"Tú èwo? Bí mo bá tú ibòmíràn, mo ti fọwọ́ ara mi gé aṣọ nìyẹn. Kí ló ń ṣe ìyá mi gan-an? Ta ló ní kó fọwọ́ kàn án? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ṣé kò lè fi nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Duarte fẹ́ sọ̀rọ̀, Carlota gbọ́wọ́ sókè sí i.

"Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ," ó ní. "Ìyá mi ya tèmi lọ́jọ́ Kérésì. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, 'Mú un wá, kíákíá,' ó bu eyín bọ̀ ọ́, ó fà á, kò sọ fóònù kalẹ̀. Ó ya, mo ní tèmi, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó ti aṣọ mi fún wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ rí. Kò sẹ́ni tó sunkún lé e lórí. Tó o bá fẹ́ máa bú ìyá yẹn, lọ máa bú u, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ẹ́ yìí, ìlara ló ń ṣe mí."

Nǹkan tó ń hó nínú mi rọlẹ̀ díẹ̀, ojú sì wá tì mí gan-an. Mo rí i lójú inú mi, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn, kápà lórí itan rẹ̀, ó ń ka ihò.

"Kò gbọdọ̀ mọ̀," mo ní. "Bó bá mọ̀ pé òun rán ti ìyá òun pa, á kú."

"Ìwọ wá ńkọ́? Ojú yíya tó o torí ẹ̀ wá ńkọ́?" ni Duarte bi mí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ há sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ ẹni tó lo odindi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láti rán aṣọ pé kó bá mi ya á? Bí mo bá là á yé e, á bi mí pé àwọn mẹ́tàlá tó kù wá ńkọ́, á mọ ohun tó ṣe. Bí mi ò bá là á yé e, màá padà sílé láìní tirẹ̀. Mo nu imú mi. Mo ní mo ti pinnu, mi ò ní bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó dùn mí wọnú egungun, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, àwọn méjèèjì sì búra pé àwọn ò ní la ẹnu.

Lọ́jọ́ Sunday, a bá Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Portugal. Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wa wálé wá jẹun, Dona Idalina, tó ń ṣọ́ ilé tó wà lódìkejì títì. Obìnrin ńlá ni, ohùn rẹ̀ náà sì tóbi. Màmá ti se pánla oníyọ̀ pẹ̀lú pòtétò àti àlùbọ́sà, ó da òróró ólífì lé e lórí, a jẹ ẹ́ títí Duarte fi tú bẹ́líìtì rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ máa jáde?" Dona Idalina bi mí.

"Inú oṣù Karùn-ún, Dona Idalina."

"Ọmọ tèmi náà, Coimbra ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kápà ẹ dà? Gbé e wá kí n rí i, jàre. Ti ọmọ mi, èmi ni mo kọ́kọ́ bu eyín bọ̀ ọ́, eyín àtọwọ́dá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ!"

Carlota bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Duarte ní kí ẹnì kan bá òun na búrẹ́dì, búrẹ́dì sì wà níwájú rẹ̀. Kò ràn wá lọ́wọ́. Dona Idalina ti dìde, ó ti já kápà lórí ìkọ́, ó ń yẹ etí rẹ̀ wò, apá ọ̀tún, apá òsì.

"Kí lèyí? Kò sẹ́ni tó ya á? Oṣù méjì ló kù! Adelaide, ìwọ gan-an ò tíì ya tìẹ? Ṣé ọmọ yìí ò lẹ́nì kan ni?"

"Kí n ya kí ni?" ni Màmá bi í.

Dona Idalina jókòó, ó là á yé e, pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú eyín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń wo abọ́ mi. Mo gbọ́ tí Màmá gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.

"Mẹ́tàlá," ó ní. "Ènìyàn mẹ́tàlá ni."

"Màmá, kò sí nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀ la lè tún ya."

"Ta ló ni mẹ́ta tapá òsì?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, mo ti ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí ojú rẹ̀, mi ò lè pa á.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n yín méjèèjì," mo ní. "Àti Ìyá Àgbà."

"Ìyá mi?"

"Lóṣù Kẹwàá. Ó ní kí n má ràn án lọ́wọ́."

Màmá dìde. Ó lọ fọwọ́, ó nu ún, ó tún un nù. Ó kó àwọn abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gba kápà lọ́wọ́ Dona Idalina, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màmá," mo ní. "Mo ti wá a. Kò ṣeé rí mọ́."

"Ta ni kò rí i?" Ìka rẹ̀ lọ tààrà sí ibì kan létí apá òsì, kò wá a rárá. "Ibí ni. Èyí ló yọ mí lẹ́nu jù. Àwọn tó kù ya gbọọrọ, èyí ni wọ́n jẹ ní àjẹlọ́. Òun nìkan gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Mo jókòó níbí, mo ń ṣépè. Mo ní, eku burúkú wo ló jẹ aṣọ ọmọ mi báyìí? Eku tí kò léyín lẹ́nu!" Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ìyá mi ni mò ń pè ní eku."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa Duarte, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Dona Idalina tẹ̀ lé e. Kí n tó mọ̀, gbogbo wa ń rín, Màmá náà ń rín, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá Àgbà ì bá rín jù wá lọ, kí ẹ mọ̀.

Nígbà tó rín tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí agolo tó ń kó ohun ìránṣọ sí, ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré.

"Màmá, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì," ni Duarte wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má bínú. Eyín ni."

Màmá sọ sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí aṣọ sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín já òwú ara rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò kánjú. Ó ń já a, ó ń tu ú sọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ la dúró yí i ká bí àwọn tó ń wo iṣẹ́ abẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ibẹ̀ là, mo sì rí i: wíwọ́ tó wọ́ síbí, tó wọ́ sọ́hùn-ún, bí Ìyá Àgbà ṣe fi sílẹ̀ gan-an.

Màmá fi ìka pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Lẹ́yìn náà ló bu eyín bọ òpin rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fà á. Kápà yẹn ké. Ó ya síwájú sí i, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, gbọọrọ.

"Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, Adelaide," ni Dona Idalina wí.

"Mi ò fẹ́ lọ́tọ̀. Ibi tí ìyá mi bá a dé ni mo ti gbà á."

Mo wo Duarte, ẹni tó mọ gbogbo òfin. Ó gbé èjìká sókè. Ó ní òfin kankan kò sọ pé kò ṣeé ṣe, bó bá sì sọ ọ́, kí òfin náà lọ jókòó.

Màmá tún fẹ́ kọjú sí àwọn méjìlá tó kù, ó ń bẹ̀ wá, ó ní òun á já gbogbo rẹ̀ kí ọkọ̀ wa tó lọ. Mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní àwọn yẹn kò ní tú mọ́ láéláé, mo fẹ́ wọn bí wọ́n ṣe wà. Carlota ní kò burú, ibi tí òun ti ya á tẹ́lẹ̀ gan-an kò wu òun, òun á tún mìíràn ya nínú bàálù. Mo dà á bora. Ó ń ta sánsán ọṣẹ, kò gbóòórùn Coimbra mọ́ rárá, kò sì bí mi nínú.

A ti gbé báàgì wa, a ti dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tí mo wẹ̀yìn tí mo rí i tó tún ṣí agolo yẹn, tó ń fi ẹnu pọ́n òwú.

"Dúró díẹ̀, jẹ́ kí n kàn ká etí ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kó má baà máa tú."

"Rárá!" Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ kígbe, Dona Idalina ló pariwo jù.

Ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dà á padà sínú agolo. Mo sọ báàgì sílẹ̀, mo fò mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ ṣeun, Màmá," mo ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rán an. Ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ ya á."